Ṣé àlejò lè wọ Infinity Castle, àbí ọmọ onílé nìkan ni wọ́n ṣe é fún?

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan tó ń gbé ní London ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nígbà tí fíìmù Demon Slayer: Infinity Castle dé sinimá lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ lọ wo fíìmù anime kan lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n ní ká jọ lọ. Èmi ò sì wo anime rí láyé mi. Ṣé kí n tẹ̀lé wọn, àbí màá kàn lọ jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó já wọ ìpàdé ẹbí ẹlẹ́bí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dá a lóhùn kíá pé kó máa lọ, pé á gbádùn ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ gan-an ló tún kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣeun o. Fíìmù ò tíì dé ìdajì tí gbogbo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ń sunkún, èmi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó kú. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, èmi náà bú sẹ́kún. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi?"

Ìbéèrè tó fi parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, torí mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni dáhùn ẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá bi àwọn olólùfẹ́ anime bóyá àlejò lè wo fíìmù yìí, ọ̀pọ̀ wọn á ní rárá o, lọ wo gbogbo èyí tó ṣáájú. Àwọn tó fẹ́ kẹ́ ẹ bá àwọn lọ á ní kò sí wàhálà, ìjà ni, ẹ máa gbádùn ìjà. Ìdáhùn méjèèjì ò tọ̀nà. Obìnrin kan ṣoṣo ló jókòó sórí àga kan ṣoṣo, fíìmù kan náà tì í síta, ó sì tún fà á wọlé. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn lọ̀rọ̀ wà.

Kí n tó máa lọ, ẹ gbọ́ o: mi ò ní fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Mugen Train àti Infinity Castle, kó lọ wò wọ́n ná kó tó padà wá.

Ilé tó ti pẹ́ kí àlejò tó dé

Fún ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀: manga ni Demon Slayer kọ́kọ́ jẹ́, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán àwọn ará Jàpáànì. Koyoharu Gotouge ló kọ ọ́, ó sì ń jáde nínú Weekly Shonen Jump láti ọdún 2016 títí di 2020. Ìdìpọ̀ 23 ni gbogbo rẹ̀. Ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń ta èédú ni, Tanjiro lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kan ló lọ ta èédú, ìgbà tó máa fi padà dé, ànjọ̀nú ti pa àwọn ará ilé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Nezuko, nìkan ló ṣẹ́kù, òun náà sì ti di ànjọ̀nú. Tanjiro wá wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi idà pa ànjọ̀nú, kó lè wá bí àbúrò rẹ̀ ṣe máa padà di èèyàn.

Ilé iṣẹ́ Ufotable ló sọ ọ́ di anime ní ọdún 2019, Haruo Sotozaki sì ni olùdarí. Season àkọ́kọ́ ní episode 26. Fíìmù Mugen Train tẹ̀ lé e ní 2020. Lẹ́yìn náà ni Entertainment District tó ní episode 11, Swordsmith Village tó ní 11, àti Hashira Training tó ní 8. Wọ́n tún padà gé Mugen Train sí wẹ́wẹ́ fún tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi episode tuntun kan ṣáájú rẹ̀, ó di 7. Ẹ ṣírò ẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 63. Ẹni tó bá jókòó tì í láì sùn, á lò ju wákàtí 24 lọ.

Ibi tí èyí tó gbẹ̀yìn parí sí gan-an ni Infinity Castle ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí iná sinimá kú tí àwọn akọni fi ń já bọ́ sínú ilé ńlá kan tí kò lópin, níbi tí yàrá ti dojú délẹ̀, tí ilẹ̀ di òrùlé. Kò sí ẹni tó dúró sọ fún àlejò pé báyìí lọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 35 ni fíìmù náà, ìjà ńlá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tó bá sì parí, ìtàn ò tíì parí. Apá kìíní nínú mẹ́ta ni.

Síbẹ̀, ẹ wo owó tó pa. Lópin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 dọ́là ló wọlé. Ṣáájú ìgbà yẹn, fíìmù Pokémon tó jáde ní 1999 ló di ipò kìíní mú láàárín àwọn anime fún ọdún 26, mílíọ̀nù 31 dọ́là sì ni tiẹ̀. Jákèjádò ayé, owó Infinity Castle ti kọjá mílíọ̀nù 700 dọ́là. Ní Jàpáànì fúnra rẹ̀, fíìmù kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀ nínú gbogbo fíìmù tí wọ́n tíì ṣe àfihàn rẹ̀ níbẹ̀: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mugen Train. Irú owó báyìí kì í ṣe owó àwọn ọmọ mélòó kan tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àlejò pọ̀ nínú èrò yẹn, bíi ti ọmọ àbúrò ìyá mi.

Oríkì àti àlọ́

Ọ̀nà méjì ni irú fíìmù báyìí ń gbà mú èèyàn lọ́kàn, ẹ̀yin náà sì mọ méjèèjì láti ilé.

Ẹ rántí òde ìyàwó kan tẹ́ ẹ bá ọ̀rẹ́ yín lọ rí. Onílù dojú kọ bàbá ìyàwó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Bàbá dìde, orí rẹ̀ wú, omi lé sí i lójú, ó ń fa owó yọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ọ̀rẹ́ wá, ìlù dídùn lẹ gbọ́. Ohùn kan náà ló wọ etí yín àti etí ẹ̀, àmọ́ òun mọ bàbá ńlá tí wọ́n ń dárúkọ, ó mọ ogun tí wọ́n jà, ó mọ ohun tójú ẹbí ọ̀hún ti rí. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ọ̀nà oríkì nìyẹn. Ohun tó ń pa èèyàn lẹ́kún níbẹ̀ kò sí nínú ìlù, inú onítọ̀hún ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ìlù kàn jí i ni.

Ọ̀nà kejì ni ti àlọ́. Ìjàpá ti wà nínú àlọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà tán. Síbẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún tó ń gbọ́ orúkọ Ìjàpá fún ìgbà àkọ́kọ́ kò nílò kí wọ́n kọ́kọ́ pa ogún àlọ́ fún un. Àlọ́ kan ṣoṣo á fi ojúkòkòrò Ìjàpá hàn án, á fi ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ hàn án, á sì fi ìyà tó jẹ ẹ́ parí. Ọmọ tó ti gbọ́ ọgọ́rùn-ún á rẹ́rìn-ín ju tiẹ̀ lọ, lóòótọ́, àmọ́ òun náà á rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká wá fi wo ìjà mẹ́ta inú Infinity Castle.

Ìjà àkọ́kọ́ ni ti Shinobu àti ànjọ̀nú kan tó ń jẹ́ Doma. Doma ló pa ẹ̀gbọ́n Shinobu obìnrin, Shinobu wá gbẹ̀san, Doma sì pa òun náà. Oríkì pọ́nńbélé nìyí. Látinú season àkọ́kọ́ làwọn olólùfẹ́ ti mọ Shinobu, wọ́n mọ ẹ̀rín tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ìbínú ló ń fi ẹ̀rín náà bò. Wọ́n ti bá a gbé fún ọdún mẹ́fà. Fíìmù náà fi díẹ̀ han àlejò nípa òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àmọ́ ìgbà téèyàn bá fi máa mọ̀ ọ́n, ó ti kú. Ibí yìí ni ọmọ àbúrò ìyá mi ti ń wo ojú àwọn tó jókòó tì í.

Ìkejì ni ti Zenitsu àti Kaigaku. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì ní idà. Kaigaku ya ọ̀dàlẹ̀, ó di ànjọ̀nú, ìtìjú rẹ̀ ló sì mú kí ọ̀gá wọn gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyẹn yé àlejò: ọmọ iṣẹ́ méjì, ọ̀gá kan, ọ̀kan dalẹ̀. Ohun tí kò lè yé e ni ìdí tí gbogbo sinimá fi pa lọ́lọ́ nígbà tí Zenitsu ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó ti ń bá a bọ̀ mọ̀ pé ojo ni Zenitsu, ẹkún àti ariwo ni tiẹ̀, ojú oorun ló ti máa ń jà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló ń dẹ́rù bani. Ẹni tí kò gbọ́ ariwo rí kò lè mọ̀ pé ariwo ti dákẹ́. Ìdajì oríkì, ìdajì àlọ́.

Ìkẹta ni ti Tanjiro àti Giyu pẹ̀lú Akaza. Ibí ni fíìmù náà ti ṣe ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí. Nígbà tí ìjà gbóná dé góńgó, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì pa ìtàn Akaza láti ìbẹ̀rẹ̀. Hakuji ló ń jẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ èèyàn. Olè ni, àmọ́ torí àtira oògùn fún bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló ṣe ń jalè. Bàbá náà ò fara mọ́ irú owó bẹ́ẹ̀, ó pokùn so. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn níjà, Keizo, gba Hakuji sílé, ó ní kó máa tọ́jú ọmọ òun obìnrin, Koyuki, tí àìsàn ń dà láàmú. Ara Koyuki yá, àwọn méjèèjì gbà láti fẹ́ra. Ọjọ́ tí Hakuji lọ síbi sàréè bàbá rẹ̀ láti sọ fún un, ìgbà tó máa fi dé, àwọn ọ̀tá ti bu májèlé sínú kànga. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà àti bàbá rẹ̀ ti kú. Hakuji fi ọwọ́ lásán pa èèyàn 67. Muzan, olórí àwọn ànjọ̀nú, rí i, ó sọ ọ́ di ọ̀kan lára wọn, Hakuji sì gbàgbé gbogbo ohun tó ti ń jà fún. Ìgbà tó tó rántí, ó dáwọ́ ìjà dúró, ó fi agbára tó kù lu ara rẹ̀.

Àlọ́ nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin rẹ̀ ló wà nínú fíìmù kan ṣoṣo. Kò sí episode kankan téèyàn ní láti wò kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ pé o lọ ra oògùn fún ẹni tó o fẹ́ràn, o sì dé, o bá a ní òkú. Ẹni tí ọmọ àbúrò ìyá mi sunkún fún kì í ṣe akọni, ọ̀tá ni. Ọ̀tá yẹn nìkan ni fíìmù náà fi hàn án dáadáa.

Mugen Train ti ṣe é rí

Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe Demon Slayer ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Mugen Train tó jáde lọ́jọ́ 16, oṣù Kẹwàá, 2020, náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí tẹlifíṣọ̀n parí sí. Ó pa ju bílíọ̀nù 40 yẹ́ẹ̀nì lọ ní Jàpáànì, ó sì gba ipò lọ́wọ́ Spirited Away tó ti wà lókè láti 2001. Lóòótọ́, àsìkò Kòrónà ni, àwọn fíìmù ńláńlá láti Hollywood ò jáde, sinimá sì ní ààyè fún un dáadáa. Àmọ́ ààyè nìkan kì í pa èèyàn lẹ́kún.

Ọgbọ́n méjì ni wọ́n dá. Èkíní, ànjọ̀nú inú ọkọ̀ ojú irin náà ń fi àlá pa èèyàn. Tanjiro lá àlá pé àwọn ará ilé òun ò kú. Àlejò tí kò wo episode kan rí rí ìyá rẹ̀, ó rí àwọn àbúrò rẹ̀, ó rí bó ṣe ń sunkún nígbà tó ní láti fi wọ́n sílẹ̀ kó lè jí. Gbogbo ohun tí season àkọ́kọ́ dá lé ni wọ́n fi àlá sọ, láìjẹ́ pé olólùfẹ́ kankan ráhùn pé wọ́n ń tún ohun tóun mọ̀ sọ.

Èkejì, ẹni tí fíìmù náà dá lé lórí gan-an, Rengoku, kò tíì ṣe nǹkan kan gúnmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn olólùfẹ́ pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni. Àlejò àti ọmọ onílé jọ bá a pàdé nínú ọkọ̀, wọ́n jọ gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ pé ojúṣe ẹni tí wọ́n bí lágbára ni láti ran aláìlágbára lọ́wọ́, wọ́n sì jọ wò ó bó ṣe kú nígbà tí oòrùn ń yọ. Ẹni tó pa á? Akaza.

Àwọn mìíràn náà ti ṣe irú ẹ̀. Jujutsu Kaisen 0 tó jáde ní oṣù Kejìlá 2021 padà sẹ́yìn, ó lọ mú ìtàn Yuta tó ṣẹlẹ̀ kí ti tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀. The First Slam Dunk ti 2022 tún wú mi lórí jù. Takehiko Inoue tó kọ manga náà láàárín 1990 sí 1996 ló darí fíìmù ọ̀hún fúnra rẹ̀. Dípò kó tẹ̀ lé Sakuragi tí gbogbo ayé mọ̀, ó mú Miyagi, ọmọ kúkúrú kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá omi òkun lọ, ó fi ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo pa ìtàn rẹ̀. Ẹni tó ti kà á fún ọgbọ̀n ọdún rí nǹkan tuntun, ẹni tí kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí náà ò sọnù.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀?

Owó ló kàn wá, àti àsìkò, àti ẹni tó máa láǹfààní láti wọlé.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní fíìmù anime lónìí, episode tẹlifíṣọ̀n ni, wọ́n kàn gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ní 2023 àti 2024, wọ́n gbé To the Swordsmith Village àti To the Hashira Training lọ sí sinimá kárí ayé. Kí ló wà nínú wọn? Episode àtijọ́ tí wọ́n ti ṣe àfihàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú episode kan tuntun. Àwọn èèyàn sì sanwó. Àwa tá a dàgbà sídìí fíìmù Yorùbá mọ ohun tó ń jẹ́ pé ìjà gbóná tán kí wọ́n tó gbé e jáde gàdàgbà pé ẹ máa retí apá kejì. A bínú, àmọ́ a ra apá kejì.

Ọdún 2021 ni Sony ra Crunchyroll, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé ti ń sanwó wo anime, ní bílíọ̀nù 1.175 dọ́là. Ilé iṣẹ́ kan náà ló wá ń gbé fíìmù lọ sí sinimá, tó tún ń ta àwọn episode tó ṣáájú rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ léwu wà. Ẹni tí kò bá yé kò pàdánù nǹkan kan fún wọn. Tó bá jáde ní sinimá tí nǹkan dà rú mọ́ ọn lójú, á lọ sílé lọ sanwó wo 63 yòókù. Tí rúdurùdu bá ti ń mówó wá, kí ló máa mú kí ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà ṣílẹ̀kùn bíi ti Mugen Train?

Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe oríkì o. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà tẹ̀ lé ìtàn kan lẹ́tọ̀ọ́ sí ibi tí orí rẹ̀ á ti wú. Ikú Shinobu ò ní dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò. Ohun tí mò ń sọ ni pé fíìmù tó bá fẹ́ gba owó gbogbo ayé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹnì kan tí àlejò lè dì mú, ẹnì kan tí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ wà níbẹ̀. Infinity Castle ní ẹnì kan. Nínú ìjà mẹ́ta, ọ̀kan àbọ̀ ló gba àlejò. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì, ó pàsì, àmọ́ Akaza ló gbé e pàsì.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ anime náà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ yéé lé àwọn èèyàn dànù. Ẹni tó bá bi yín lọ́nà, tẹ́ ẹ bá ní kó lọ fi wákàtí 24 ṣe àmúrelé ná, ẹ ò fẹ́ kó wá nìyẹn. Abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ó dọwọ́ ẹni tó bi.

Ìdáhùn tèmi rèé, tí mi ò fún ọmọ àbúrò ìyá mi lásìkò. Kẹ́ ẹ tó wo Infinity Castle, ẹ wo nǹkan méjì péré: episode kìíní season àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tí Tanjiro fi gbé idà, lẹ́yìn náà Mugen Train, kẹ́ ẹ lè mọ Akaza àti gbèsè tó jẹ. Gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ lọ. Shinobu ṣì lè fò yín dá, àmọ́ ẹ ò ní já wọ ìpàdé ẹbí ẹlẹ́bí mọ́.

Òun ńkọ́? Ó ti wo season àkọ́kọ́ tán. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ Shinobu báyìí. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn nìyẹn. Mo fẹ́ tún fíìmù yẹn wò, kí n lè sunkún tí mo jẹ ẹ́."